Ìdánwò Ìtàn Rahmah

Mọ́mì mi,

Àlàáfíà la wà, ẹ má ṣèyọnu. Rahmah, ọmọọmọ yín, ń múra ìdánwò ìtàn Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ó kà á fún mi pé wọ́n fòfin ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àjèjì, wọ́n ní àwọn àjèjì ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

Ó ní, "Mummy, ohun tí man kan sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí nìyẹn, ó ní kí n padà sílé, ó sì fa híjáàbù mi."

Ó sú mi! Ọmọ tí mo bí sí Peckham níbí ní London ni wọ́n ní kó padà sílé. Ilé wo? Híjáàbù rẹ̀ ya díẹ̀ o, mo ti rán an. Kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sílé ìwé ní Forest Hill báyìí. Rírìn kúkú ń mú ara le.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Àǹtí Ràfíátù. Ẹ ní à ń gbádùn.

Mìsítúrà yín