Ẹ Bá Mi Yọ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi Kúrò Lára Pósítà Yín

Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Kẹta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Oúnjẹ àti Ohun Mímu,
Yàrá Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
Ilé Iṣẹ́ Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ Ọ̀RỌ̀ MI KÚRÒ LÁRA PÓSÍTÀ BÍÀ TÍ KÒ NÍ ỌTÍ NÍNÚ

1. Èmi ni káfíńtà tó kọ lẹ́tà ìyìn sí yín ní oṣù kẹta ọdún yìí nípa bíà tí kò ní ọtí nínú. Inú yín dùn sí lẹ́tà náà débi pé ẹ yọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára pósítà, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Gbólóhùn náà ni pé: “Ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, máa ń tọ́ ọ wò, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.” Mo kọ lẹ́tà kejì yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n tèmi wà lára ògiri, ó ṣì ṣeé ká.

2. Ìyàwó mi, tó jẹ́ aránṣọ, ló ní kí n fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn lórí ìṣó kan, orí òrùlé ni wọ́n ti máa ń wá mi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á.

3. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mu ọtí, tí ọtí náà sì ń mu mí. Ìgbà kan wà tí mo kan ilẹ̀kùn yàrá oníbàárà kan sódì, tí ìkọ́ tó yẹ kó wà nínú bọ́ síta, tí onílé fi há mọ́ inú yàrá ara rẹ̀ títí di ọ̀sán. Àìmọye ìgbà ni mo sùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, tí ìyàwó àti ọmọ mi ń ré mi kọjá. Ó pé ọdún méjì báyìí tí mo ti fi í sílẹ̀. Dókítà sì kìlọ̀ fún mi pé bó ti wù kí ó kéré tó, bó bá ti kan ahọ́n mi, ó lè dá mi padà síbi tí mo ti wá.

4. Ìdí nìyí tí bíà tí kò ní ọtí nínú fi bá mi lára mu. Ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan fá pákó, tí lẹ́búlẹ́bú igi kún imú rẹ̀, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìgò tútù lọ́wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ó dùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Adájọ́ là ń pè é nílé, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, ìbáà jẹ́ ti èmi àti ìyá rẹ̀. Ó ní kí n fún òun tọ́ wò. Mo ní ṣebí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mo fún un. Ó fún ojú pọ̀, ó ní ó korò, ó sì na ife padà pé kí n tún bu díẹ̀ sí i.

5. Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ló kàn. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe bíà tó ní ọtí àti èyí tí kò ní. Ìgò kan náà ni, àwọ̀ ewé kan náà. Òdo kékeré kan tí wọ́n kọ sára ìwé ìgò ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti ṣí ìgò tí mo sì ti da díẹ̀ sínú ife, iyèméjì mú mi. N kò lè tọ́ ọ wò kí n fi mọ̀; ṣé ẹni tí iná ti jó rí á tún máa fi ìka wò ó bóyá ààrò gbóná? Ìyàwó mi kò sí nílé. Adájọ́ ní kí n gbé e wá, òun mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu. Ó fi ètè kàn án, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, ó ní ó dáa, kí n máa mu. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í mu ìgò kankan kí Adájọ́ tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ gbà mí o, àgbàlagbà ọkùnrin bíi tèmi.

6. Nígbà tí pósítà yín jáde, mo ń yan kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mo mú ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pẹ́ńtà lọ wò ó. Mo mú oníbàárà tí mo ti ń ṣèlérí ilẹ̀kùn fún láti ọdún tó kọjá lọ wò ó pẹ̀lú. Ó wò ó tán, ó ní pósítà dára, ilẹ̀kùn òun ńkọ́?

7. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù yìí, pẹ́ńtà pe àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá a yọ̀ pé ó kun pálọ̀ ilé ara rẹ̀ tán, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti ń kun ti ẹlòmíràn. Mo gbé ìgò mẹ́ta tèmi dání, mo sì mú Adájọ́ lọ, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ti mọ iṣẹ́ ìtọ́wò rẹ̀. Ó kó wọn sínú báàfù yìnyín pẹ̀lú bíà tirẹ̀ tó ní ọtí, ti ilé iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí yóò fi di agogo méjì ọ̀sán, yìnyín ti yọ́, ìwé ara ìgò ti ṣí kúrò, wọ́n ń léfòó lórí omi. Kò sẹ́ni tó lè dá tèmi mọ̀ mọ́. Pẹ́ńtà ní kí la fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí Adájọ́ wà níjòókòó. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó ṣí ọ̀kan, ó dà á kún ife ike kan, ó gbé e fún un. Èmi bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, mo ń fi í yangàn.

8. Adájọ́ tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí wa, ó sì gbé ife náà mu dé ìsàlẹ̀. Mo ní ó ti dáa nìyẹn, mo na ọwọ́ sí ìgò; ó já a gbà, ó sì da èyí tó kù sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun pẹ́ńtà. Kò pẹ́ tó fi gun orí àga, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ gbogbo wa. Ó ní pẹ́ńtà kò kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Ó ní láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàbá òun ti ń parọ́ fún olùkọ́ òun pé àpótí ìwé tó ní kí ó kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òótọ́ ni ìyẹn náà. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

9. Mo gbé e sáré dé ilé ìwòsàn, n kò mọ ọ̀nà tí mo gbà. Ìyàwó mi bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń fún ọmọ ní omi àti ṣúgà, tí wọ́n ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, kò sí ewu. Ojú rẹ̀ là, ó béèrè búrẹ́dì, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé aago ara ògiri wọn kò sọ òótọ́.

10. Nọ́ọ̀sì bi í pé nígbà tó ti mọ̀ pé ó ń ta òun lẹ́nu, kí ló dé tó fi mu ún tán. Ó ní kí ó má baà kù fún bàbá òun ni. Nọ́ọ̀sì ní ṣé kò kàn lè sọ pé kò dáa ni? Adájọ́ ní rárá, bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, bàbá yóò ní kí òun gbé e wá kí bàbá fúnra rẹ̀ fi ẹnu kàn án. Yóò tún máa sùn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ìyá òun yóò sì tún máa sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Búrẹ́dì ló ń jẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú tì mí, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo sunkún.

11. N kò wá bá yín jiyàn pé ọtí wà nínú rẹ̀. Kò sí. Bóyá ọmọ ẹlòmíràn lè tọ́ ọ wò títí kó dàgbà, kí nǹkan kan má ṣe é. Ohun tí mo rí nínú ilé tèmi ni pé ọmọ kò lè ka òdo tó wà lára ìgò. Ìgò ló mọ̀, ife ló mọ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló mọ̀. Bó bá ti mọ àwọn wọ̀nyí dunjú, kò sí ìgò àwọ̀ ewé tí yóò bẹ̀rù mọ́. Mo ti fi tèmi kọ́gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi tirẹ̀ kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kí mi kú iṣẹ́, ó ní òun náà ti ń fún ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́ta ní bíà náà, torí ohun tí òun kà tí mo sọ. Mo gbé irin tí mo fi ń ha pákó, mo lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha pósítà náà kúrò; oníṣọ́ọ̀bù lé mi jáde, ó ní ìwé ìjọba ni. Òun ló jàre.

12. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ gbólóhùn mi àti àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lókè rẹ̀. Bí agbára yín bá sì ká ilé iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n yí ìgò tàbí ìdérí èyí tí kò ní ọtí padà, kí ó jẹ́ ohun tí omi yìnyín kò lè bó. Ẹ má bá pẹ́ńtà wí o; ó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ti tó o.

13. Mo ti sọ fún Adájọ́ pé iṣẹ́ olùtọ́wò ti parí. Ó bi mí pé ta ni yóò wá máa ṣọ́ mi. Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó ní òun ṣì ń wò mí ná. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ tí mo bá ń mú un lọ sílé ìwé ni a ń gba iwájú pósítà yín kọjá, ọmọ náà sì ti ń mọ ìwé kà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé “kò sì ṣe é ní nǹkan kan.” Ó wá bi mí bóyá òun ni wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Adájọ́,
Káfíńtà.