Kóòtù Funfun Tí Bùrọ̀dá Rà fún Fọlárìn

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìtọ́jú orúnkún. Mo kí Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ti wọ jígí, wọ́n sì ti sún àga mọ́ fèrèsé. Mo kí ìyá tó ń gbé yàrá iwájú, mo kí àwọn ará ilé kejì tí wọ́n máa ń wá gbọ́ lẹ́tà wa bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kúkú ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, lẹ́tà tí a bá kọ sí yín, àdúgbò la kọ ọ́ sí. Ó sàn kí gbogbo wa jọ kà á, kí ẹnikẹ́ni má fi iyọ̀ sí i.

Inú ń bí mi, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, nítorí ẹ máa ń sọ pé ojú mi kì í yí padà tí mo bá ń ṣe àwàdà. Kì í yí padà tí inú bá ń bí mi náà.

Ọ̀rọ̀ Fọlárìn ni, àkọ́bí Bùrọ̀dá Wálé, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ ń pè ní Dókítà. Ẹ jókòó dáadáa. Fọlárìn kì í ṣe dókítà. Kò ṣe dókítà rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láyé rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń là lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Họ́kì ló ń gbá. Ẹ rántí họ́kì tí wọ́n máa ń gbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n ń fi igi tó tẹ̀ lẹ́nu lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri. Wọ́n ń gbá irú rẹ̀ níbí lórí omi dídì, nínú gbọ̀ngàn ńlá, pẹ̀lú bàtà tó ní irin bí ọ̀bẹ lábẹ́. Dípò bọ́ọ̀lù, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń lù, ó le bí òkúta. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbá a sínú àwọ̀n, àwọn yẹn ni wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń dúró lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ara wọn dí i. Bẹ́ẹ̀kì là ń pè wọ́n nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀kì ni Fọlárìn. Tí rọ́bà yẹn bá ń bọ̀, ẹni tó bá ní làákàyè á yẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ yín ni pé kó má yẹ̀ ẹ́.

Ooru ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fọlárìn wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rọ amúlétutù ilé wọn ní McKinney, nítòsí Dallas níbí, dákú ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹjọ níbí kì í ṣe oṣù tí èèyàn ń fi amúlétutù ṣeré. Ìyàwó Bùrọ̀dá gbé ọmọ lọ sí mọ́ọ̀lù kan tó ní pápá yìnyín, kí àwọn lè rí ibi tútù jókòó sí. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ọmọ ò fẹ́ relé mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́ ní póli, Màmá. Mo ti béèrè ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ká ní mo ti wà níbí nígbà yẹn, ìdílé wa ì bá ní dókítà lónìí.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ kan mú un lọ sí ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òjò dídì ti ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn: wọ́n á mú ọmọ kékeré kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n á fi sọ́dọ̀ ìdílé kan tí kò mọ̀ rí, á máa jẹun wọn, á máa bá wọn kó òjò dídì lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa gbá họ́kì. Ní ọdún yẹn lẹ bi Bùrọ̀dá lórí fóònù pé ọmọ náà dà. Wọ́n ní ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ ní kí ló fẹ́ kọ́. Bùrọ̀dá ní ìṣègùn ni.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Wọ́n ṣì lè yí i padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹ ti mú igbá ìdúpẹ́ lọ síwájú ìjọ. Ta ló wá máa lọ bá pásítọ̀ pé kó dá ọpẹ́ padà? Irọ́ tí a bá ti fi dúpẹ́ nílé wa, ó ti di òtítọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, gbogbo òpópónà ti ń pè yín ní Ìyá Dókítà.

Ẹ dárí jì mí, Màmá, ẹ̀yin náà ní ìpín níbẹ̀. Bùrọ̀dá Wálé fúnra wọn lẹ kọ́kọ́ pè ní Dókítà, láti kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí wọ́n di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, orúkọ náà ò ríbi bà lé, ó wá fò bọ́ sórí ọmọ wọn bí ẹyẹ tó ń wá ẹ̀ka. Mo rí i pé ó ń dùn wọ́n. Ìyẹn ò ní kí inú má bí mi.

Fọlárìn di agbáhọ́kì tó ń gbowó. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é, ní ìlú mẹ́rin. Ẹgbẹ́ ńlá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ìdíje mọ́kànlá fún wọn, kò jẹ góòlù kankan, ó sì pàdánù eyín mẹ́ta. Ẹ béèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kì í ṣí ẹnu rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Bùrọ̀dá ní àwọn dókítà ibí kì í ṣeré. Nínú gbogbo ìdíje náà, níbí ní Dallas tàbí níbòmíràn, Bùrọ̀dá kò lọ wo ẹyọ kan.

Nígbà tí mo dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Bùrọ̀dá ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. A ò tíì kúrò lórí ọ̀nà márosẹ̀, wọn ò tíì bi mí bóyá mo jẹun, tí wọ́n fi sọ fún mi pé tí mo bá ń bá ilé sọ̀rọ̀, dókítà ni Fọlárìn. Mo ní ẹ ṣé, sà. Ìrẹsì wọn ni mo ń jẹ. Mo ti bá wọn pa irọ́ yìí fún ọdún mẹ́rin, nítorí náà nínú àwọn tí mò ń bínú sí, orúkọ mi wà lókè pátápátá.

Ní Lancaster, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rù kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Mo máa ń jókòó nínú mọ́tò lákòókò oúnjẹ, màá kí ara mi pé ẹ kú iṣẹ́, màá sì dáhùn. Fọlárìn ló yọ mí níbẹ̀. Ó bá mi wáṣẹ́ ní pápá yìnyín tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Èmi ni mò ń tọ́jú omi dídì náà kó má yọ́, mo sì ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń fá ojú yìnyín, tó ń da omi gbígbóná sí i kó lè dán. Nílé, fírísà wa ò lè tọ́jú ẹja fún ọjọ́ méjì. Níbí, oòrùn ń sun èèyàn lóde, mo sì ń mú odindi pápá dì, mo wọ súwẹ́tà. Ẹ̀kọ́ póli wúlò.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yín wá dé. Ẹ rántí ìgbà tí tọ̀tún wú, tí ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ pe Dókítà. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí fóònù náà wọlé. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà nínú korobá yìnyín dé itan. Èmi ni mò ń túmọ̀, nítorí Yorùbá Fọlárìn kì í kọjá ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo fóònù, ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé e fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ẹ máa nà án jẹ́jẹ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ni ẹ wá ń bá sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe dókítà. Mo rẹ́rìn-ín náà. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ẹ gun àtẹ̀gùn náà nígbà tó yá, ẹ sì dúpẹ́ lórí ìyẹn náà.

Ọdún yìí ni orúnkún Fọlárìn pàpà kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò ní gbà á mọ́. Ó ní kí n má sunkún, mo ní yìnyín ló ń yọ́ sí mi lójú. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ṣe báyìí ni kí òun wá rí yín ní oṣù Kejìlá.

Bùrọ̀dá gbọ́. Wọ́n pe ilé, wọ́n bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣètò ìdúpẹ́, wọ́n tẹ orúkọ Dókítà Fọlárìn sínú ìwé ètò. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n pè wá sí McKinney. Kóòtù funfun kan wà lórí àga, wọ́n ti kọ orúkọ sí i láyà, ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà sì wà nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ní kí Fọlárìn wọ̀ ọ́ wò. Ó wọ̀ ọ́. Kò pa dé. Àyà tó ti fi dí rọ́bà fún ọdún mẹ́jọ ò bá ti dókítà dọ́gba. Bùrọ̀dá ní kò burú, àwọn á gba èyí tó tóbi.

Fọlárìn wá bi bàbá rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́, pé nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù òun láti ọdún mẹ́jọ. Bùrọ̀dá ò mọ̀ ọ́n.

Mo dìde. Mo ní Bùrọ̀dá, irọ́ yìí tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ẹnu HND ni mo fi ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa Màmá ni. Mo ní Màmá tó sin ọkọ, tó sì kọ́lé, họ́kì ò lè pa á. Wọ́n ní kí n jáde nílé àwọn. Mo jáde, mo sì gbé kóòtù náà dání. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ṣì ń pe Bùrọ̀dá ní “wọ́n” láti òkè dé ilẹ̀. Ìwọ̀n ìbínú mi nìyẹn. Ẹ tọ́ mi dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí gan-an ni ìbéèrè yín. Nígbà tí ẹ pe Fọlárìn kẹ́yìn, ẹ ti ń dágbére kí ẹ tó ní, Dókítà, ìwọ tó ń tọ́jú orúnkún mi, ta ló ń tọ́jú tìẹ? Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kí n sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, Màmá.

Ó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní kó wá síwájú ìjọ kó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, Àǹtí Bísí á túmọ̀. Tí àdúgbò bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn á máa pè yín, Ìyá Bẹ́ẹ̀kì ò burú létí. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín fún un, kí ẹ fi òrí tí ẹ fi ń pa orúnkún yín pa tirẹ̀. Ẹ má pè é ní Dókítà. Àkànbí lẹ ń pè é kí ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó dé. Ó kọ ọ́ sórí gbogbo igi họ́kì tó lò rí; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe igi ni.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó fún Bùrọ̀dá Wálé ní ẹnu tí wọ́n á fi béèrè nọ́ńbà náà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí pásítọ̀, ẹ ní kí wọ́n má bínú sí ìwé ètò tí wọ́n ti tẹ̀.

Kóòtù funfun náà wà lọ́wọ́ mi. Òtútù pọ̀ níbi iṣẹ́ mi. Abẹ́ súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ ọ́ sí. Èmi ló bá mu rẹ́gí.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣọ́ yìnyín,
Olú