Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Mí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alhaji Salahudeen Àdìsá Onígàárì (1920–1979)

Ọlọ́run tó fi èémí sí wa nímú ló ni ín, Òun nìkan ló sì mọ ọjọ́ tí yóò gbà á padà. Ẹbí Onígàárì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà fídáù bàbá wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àbáṣe. Ìyàwó olóògbé, Hàlímọ̀tù, ni àwọn ọmọ ní kó kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní kó má pe ara rẹ̀ ní “èmi” nínú rẹ̀, pé ìwé òkú kì í ṣe ìwé aláwàdà. Ó ti gbọ́. Bí ó bá ṣì í sọ, ẹ fojú fò ó.

A bí Alhaji Salahudeen ní nǹkan bí ọdún 1920 ní Ilé Onígàárì, Pàkátà, Ìlọrin. Bàbá wọn ni Àbdùlgàfárù, tó ń rán gàárì fún àwọn ẹlẹ́ṣin ìlú. Ìyá wọn ni Kùdírátù Àbẹ̀ní, ọmọ amọ̀kòkò láti Òkèlele. Wọ́n sọ fún wa pé nígbà tí olóògbé ṣì kéré, wọ́n tú gàárì tuntun kan palẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni. Bàbá wọn nà wọ́n, ṣùgbọ́n pàṣán náà kò mú wọn jáwọ́.

Wọ́n lọ sí ilé kéú títí wọ́n fi parí Alùkùránì. Wọn kò lọ sí ilé ìwé bọ́ọ̀kù, ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: “Kí ló ń lé e?” Bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ló ń lé e? Bí wọ́n bá rí aago ara ògiri, kí ló ń lé e? Bí obìnrin àdúgbò bá sáré kọjá lọ́sàn-án gangan, wọ́n á béèrè bákan náà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ọ̀fà Garage, níbi iṣẹ́ wọn, fi ń pè wọ́n ní Bàbá Kí-ló-ń-lé-e.

Ní ọdún 1947, wọ́n gbé Hàlímọ̀tù níyàwó. Ìrọ̀rí ni ọmọbìnrin náà ń rán tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá wò ó, òwú bo gbogbo ara rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n ń tu lọ́wọ́. Ọmọ náà sanra dáadáa, èèyàn kò nílò àtùpà kó tó rí i, ó sì rò pé ẹwà òun ni ọkọ ojú ọ̀nà ń wò. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń mú ọwọ́ kúrò, wọ́n wá bi í pé kí ló ń mú un wú padà. Láti ọjọ́ náà ni òwú àti gíríìsì ti ń gbé inú ilé kan. Kò sí aṣọ kan tí a ní tí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì lára.

Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n padà wálé, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Ọ̀fà Garage ní ọdún 1958. Lọ́rì àti takisí ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọn kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú odò títí di ọdún 1974, ọdún kejì lẹ́yìn tí a yí ọkọ̀ wíwà sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ní ọdún náà ni Asabe wá láti Pàtígì. Ọmọ Nupe ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà, ó sì ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé àwọn aláboyún láti àwọn abúlé òdìkejì Odò Ọya wá sí ilé ìwòsàn. Nínú òjò ọdún tó ṣáájú, ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ọkọ̀ náà kò lágbára tó ìṣàn omi. Àbúrò Asabe ń rọbí nínú rẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Asabe wá lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje lórí omi. Ẹni tó tà á ní agbára ẹṣin márùndínláàádọ́rin ló wà nínú rẹ̀. Alhaji gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Gbogbo gàárì tí bàbá mi rán kí n tó dàgbà, n kò mọ̀ bó tó bẹ́ẹ̀.”

Ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà nìyí. Bó bá ń rọra lọ, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá fún un ní eré tán, á wúkọ́, á sì kú sáàrin omi, nítorí páǹpù tó ń fa epo fún un kéré sí oúnjẹ tó ń jẹ. Ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì náà ti fún Asabe ní páǹpù ńlá mìíràn, ṣùgbọ́n Asabe kò rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Òjò sì ti ń ṣú. Àwọn aláboyún tó máa bí nínú òjò náà ti wà ní òdìkejì.

Alhaji gbé páǹpù lé itan nílé wa ní àdúgbò Ṣàngó, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Páǹpù mọ́tò ní apá tí ẹ́ńjìnnì fi ń tì í. Eléyìí kò ní apá, kò ní wáyà, kò ní bẹ́líìtì. Ihò tí epo ń gbà wọlé wà níbẹ̀, èyí tó ń gbà jáde wà níbẹ̀, ihò kékeré kan sì kù, tó bá ihò kékeré mìíràn mu lára ikùn ẹ́ńjìnnì.

“Kí ló ń lé e?” ni wọ́n wí.

“Bàbá, ẹni tó tà á sọ fún mi,” ni Asabe dáhùn. “Ó ní ihò tó wà níkùn ẹ́ńjìnnì yẹn, ó ń mi.”

Yorùbá Asabe já geere, ṣùgbọ́n ohùn Nupe wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí etí Alhaji gbọ́ ni pé ihò náà ń mì, bí ọ̀fun ṣe ń mì ẹ̀kọ. Ohun tí ìyàwó wọn gbọ́ náà nìyẹn, kò sì pa ẹnu mọ́: “Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún un lóúnjẹ.”

Wọ́n de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ etí àgbá omi, wọ́n ki rọ́bà epo bọ ihò ikùn, wọ́n fa okùn. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tú èéfín bíi pé ilé ń jó, ó dákẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò kò padà wálé títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, epo ń kán tótó.

“Ebi ni wọ́n ní ó ń pa á,” ni Alhaji wí. “Ó ti wá yó kú.”

Asabe kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ mọ ‘ó ti dáa’ í sọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán, orí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ ń gbà lọ sílé. Àwa là ń wọ omi. Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ó ti dáa, ìyàwó yín ni n ó kọ́kọ́ gbé.”

“Kí ló kàn mí níbẹ̀?” ni ìyàwó béèrè.

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ẹnu rẹ̀, Ìyá.”

“Ó tọ́,” ni Alhaji wí. “Bí n kò bá lè gbé Hàlímọ̀ sí i, kò tíì dáa nìyẹn.”

Láti ìgbà náà, wọn kò fi epo kan ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Wọ́n yọ gbogbo rọ́bà, wọ́n nu ún gbẹ, wọ́n ń fa okùn rẹ̀ lásán, wọ́n ń wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó gbé àmàlà wá bá wọn láti ìdí ìrọ̀rí. Òwú kan já bọ́ láti orí gèlè rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ gíríìsì tó wà létí ihò ikùn náà. Alhaji fa okùn. Òwú náà fẹ́ síta, ó fà wọlé. Wọ́n tún fà á. Ó síta, ó wọlé.

“Hàlímọ̀, má mira.”

“Oúnjẹ ń tutù, Bàbá Ràúdátù.”

“Má mira ni mo wí. Wò ó. Ṣé ó gbé e mì?”

“Kò gbé e mì.”

“Ó ń mí. Mí ni ọmọbìnrin yẹn wí. A fi epo kún ihò imú rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń yí, ikùn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́, ó ń tú u. Èémí yẹn ló yẹ kó gba rọ́bà kékeré lọ sínú páǹpù, kó máa ti awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí awọ náà sì máa fa epo. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń lé e. Bó bá ṣe ń sáré tó ni yóò ṣe máa mí kíákíá tó. Alhaji so páǹpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì gbágbá, wọ́n sì gé rọ́bà èémí náà kúrú. Wọ́n ní èémí tó bá rin ọ̀nà jíjìn á rẹ̀. Àmàlà ọjọ́ náà, ajá ló jẹ ẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí a dé Pàtígì. Odò Ọya pọ́n, ó fẹ̀, n kò rí òpin rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ “èmi”, mi ò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ náà fún mi. Bí mo ṣe jókòó, ìdí ọkọ̀ rì, imú rẹ̀ gbé sókè. Asabe ní, “Ìyá, ẹ bọ́ sí iwájú, ẹ fún ọkọ̀ láyè kó wo ọ̀nà.” Alhaji wọlé tẹ̀ lé mi. Ojú wọn ti funfun, wọ́n ń ka àdúà, ṣùgbọ́n etí wọn wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Asabe fún un ní gbogbo eré tó ní. Ibi tó máa ń kú sí dé, a kọjá a. Ìṣàn omi ń tì wá, ẹ́ńjìnnì náà ń mí, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi tó wà lára ìró mi nígbà tí a gúnlẹ̀ ní òdìkejì, kì í ṣe ti odò nìkan. Obìnrin kan tó ń rọbí ni a gbé padà. Lami ló ń jẹ́. Ó bí ọkùnrin sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Salahudeen.

Olóògbé lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1976. Nínú bàlúù, wọ́n bi obìnrin tó ń pín oúnjẹ pé kí ló ń lé e. Ó ní, “Ọlọ́run ni, Bàbá.” Wọ́n ní, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ọlọ́run ńkọ́?” Àwọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ iná mọ́ṣálááṣí àdúgbò wa títí àìsàn fi dé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń lọ sí Pàtígì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, láti lọ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì Asabe ṣe ń mí.

Àìsàn àyà ló mú wọn ní ìparí ọdún 1979. Wọ́n gbé ọwọ́ mi lé àyà wọn, wọ́n ní, “Hàlímọ̀, láti ọjọ́ yìí wá, kí ló ń lé e?” Mo ní, “Ọlọ́run ni.” Wọ́n ní, “Lẹ́yìn Ọlọ́run ńkọ́?” Mo ní, “Àmàlà mi ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi aya wọn sílẹ̀ lọ, àti àwọn ọmọ: Ràúdátù, olùkọ́, Àbùbákàr, tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọ̀fà Garage báyìí, àti Yísà, òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti Salahudeen kékeré ti Pàtígì, tí Asabe mú wá síbi àdúà yìí. Ó ti bi mí léèrè ohun tó ń lé fáànù.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ ní bàbá wọn ṣì ń sùn. Mo já òwú díẹ̀ lára ìrọ̀rí wọn, mo gbé e sí wọn nímú. Mo wò ó títí. Wọn kò mí. Òwú kò mì.

Bàbá Kí-ló-ń-lé-e, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Ẹni tó ń lé gbogbo rẹ̀. Ẹ bi Í dáadáa. Kí Ó fi alùjánnà ṣe ìrọ̀rí fún yín, kó má le koko lábẹ́ orí yín láéláé. Ẹ sùn, ẹ sinmi re o.