Alárinà Kékeré Tí O Fi Rán Abdulrasaq

Ilé Bẹ̀llò,
Rore.

Aliyah Àyìnkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé o jí ire, ṣé ara le, ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ lọ ni yóò máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ, ohun tí o ń jẹ kò ní jẹ ọ́. Fulera ìyá rẹ kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn ún. Iṣu ọdún yìí kò ta, òjò dá lẹ́nu ìgbà tó yẹ kó máa rọ̀, èyí tó sì ta nínú rẹ̀, ọ̀yà ti bá wa jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ abilà tí o fẹ́ràn ti kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣu tàbí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bírò.

Nítorí Màmá mi ni, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Kò lè dìde mọ́. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gbà, òun náà kò pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni kí òun gbọ́wọ́ lé ọ lórí kí òun ṣàdúrà fún ọ kí òun tó lọ. O mọ̀ pé ó ti ṣe é fún gbogbo ọmọọmọ rẹ̀, ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù.

Mo mọ̀ pé o ní ọ̀gá rẹ kò fún ọ láyè. Ìdí nìyẹn tí o fi gbé láptọ́ọ̀pù rẹ àtijọ́ ránṣẹ́, tí o sì rán àwọn ènìyàn wá gbé àwo sórí páànù wa kí wọ́n fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọnú yàrá, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dé ẹ̀yìn òkè tí a wà. O ṣeun, ọmọ. Jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bó ṣe lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún ọ lódìkejì.

Láptọ́ọ̀pù náà, ihò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lára rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọládayọ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní kọ̀ǹpútà, ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sọ bẹ́ẹ̀. Ihò yẹn ni iná ń gbà wọlé, òun náà ni wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbà. Tó bá ń jẹun, kò lè sọ̀rọ̀, tó bá sì ń sọ̀rọ̀, kò lè jẹun. Inú ń bí tíṣà, ṣùgbọ́n èmi yin ẹ̀rọ náà, torí mo ti ń na ẹ̀yin ọmọ mi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu oúnjẹ láti kékeré tí ẹ kò gbọ́, ẹ̀rọ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá wá gbọ́ ọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bátìrì rẹ̀ ti gbó. Bí ẹ bá ti gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ebi ti pa á. Kí a tó fi ìrọ̀rí ti Màmá lẹ́yìn, láptọ́ọ̀pù ti kú.

Ìgbà yẹn lo fi àdápútà ẹlẹ́nu mẹ́ta rán Abdulrasaq awakọ̀ sí wa. Mo bi Ọládayọ̀ pé kí ni nǹkan bí ìka ọwọ́ yìí wá ṣe. Ó ní orí wáyà fẹ̀, ó ní igun mẹ́rin, ihò láptọ́ọ̀pù sì tín-ín-rín bí ẹyọ ìrẹsì, àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí, èyí ló máa dúró láàárín wọn, iná yóò sì máa gba ẹnu rẹ̀ kẹta wọlé. Mo ní alárinà nìyẹn o. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yé mi délẹ̀délẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni. Láti Agbamu títí dé Omupo, ilé tí mo ti dúró láàárín ọkọ àti aya kó tó di yìgì kò lóǹkà.

Nígbà tó di Jímọ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, ojú rẹ sì yọ lórí dígí láptọ́ọ̀pù. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Màmá wò ọ́ pẹ́, ó béèrè ẹni tó fi ọ́ síbẹ̀ àti bóyá wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ. Ìwọ náà gbọ́, o rẹ́rìn-ín. Ó wá gbọ́wọ́ lé dígí náà níbi tí iwájú orí rẹ wà, ó gbóná, ó ní kí n wá wo ara ọmọ mi, pé ibà ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Láti orí baba tó bí i lọ́mọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kan àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn mí.

Ibẹ̀ ni mo ti wò ó pé ojú ti mọ ojú, alárinà ló kù kó yẹ̀ba. Alárinà tó bá jókòó ti tọkọtaya nígbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, ojú á tì í, èmi kò ṣe é rí láyé mi. Mo wo nǹkan kékeré yẹn láàárín ìyá mi àti ọmọ mi, tó ń gbọ́ àdúrà tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, mo ní ó ṣeun, mo fà á yọ.

Ojú rẹ lọ. Ara alárinà yẹn ni oúnjẹ láptọ́ọ̀pù náà ń gbà kọjá, láptọ́ọ̀pù náà sì kú. Ọládayọ̀ káwọ́ lérí, ó ní, Bàbá, alárinà tèyí kì í yẹ̀ba, òun àti tọkọtaya ni wọ́n jọ ń gbé títí ayé. Mo bi í pé irú ìgbéyàwó wo nìyẹn. Nígbà tó fi máa so ó padà tó tún tàn, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a tún gbé e lọ bá Màmá. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Orí ni mo ní kí ẹ mú wá, dígí lẹ gbé wá."

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí ẹní. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ fi omi nù ún, á ní kó fi í sílẹ̀, pé àdúrà ṣì wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Tíṣà ní èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo ti rò ó títí, mo sì rí ibi tó wà: òfin alárinà kò yí padà, ojú ni kò tíì mọ ojú. Lójú tèmi ló dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí kí n má tọrọ. Mo tún ń tọrọ. Kó owó epo jẹnẹrétọ̀ jọ, kó owó àwọn aláwo mọ́ ọn, àti ti ṣájà tuntun tí o ní o fẹ́ rà, kó gbogbo rẹ̀ fún Abdulrasaq ní gáréèjì, kí o sì wọ mọ́tò rẹ̀, kí o jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Má gbé àdápútà kankan bọ̀. Má sọ fún ọ̀gá rẹ pé ara ìyá àgbà rẹ kò yá, ó ti gbọ́ ìyẹn rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sọ fún un pé ọwọ́ kan wà ní Rore tó ń dúró de orí.

Mo fẹ́ súre fún ọ bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n bírò dúró. Àdúrà ìyá mi ṣì wà nílẹ̀ ní àbọ̀, ọmọ kì í sì í fo àdúrà ìyá rẹ̀ kọjá láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ mi ló dé kí n tó fa nǹkan yẹn yọ. Tìrẹ ló kàn. Wá kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí o ṣe àmín rẹ fúnra rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bẹ̀llò.