Ẹ̀kọ́ Rúùtù tí Mo Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Múra Sílẹ̀

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìfaradà eékún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Brescia níbí. Ṣé ara Màmá ti mókun? Ṣé ẹ ti ń lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìsí pé ẹnìkan dì yín mú? Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Fúnmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n gbé ẹjọ́ mi wá bá yín pé mo ti di oníjà nínú ìjọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta, kí gbogbo ẹni tó ń rojọ́ mi lẹ́yìn lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fojú tín-ín-rín wọn ni.

Iṣẹ́ irin náà ni mo ṣì ń ṣe. Inú ilé iṣẹ́ gbóná bí ààrò, bí èèyàn bá sì jáde síta ní àsìkò yìí, kùrukùru tí wọ́n ń pè ní nebbia á bò ó, kò ní rí ojú ẹni tí wọ́n jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi ń di ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí. Turno, ìyẹn wákàtí iṣẹ́, tèmi àti tirẹ̀ kì í pàdé, nígbà míì ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ fíríìjì la fi ń kí ara wa. Tèmilolúwa ọmọ wa, tí a ń pè ní Tèmi, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí mo bá bá a sọ Yorùbá, èdè Italy ló fi ń dá mi lóhùn. Kí n má parọ́, Bíbélì tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí mo kúrò nílé ni mo ń bá ṣọ̀rẹ́ jù.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ ka ibi kíkà rẹ̀ nígbà méje kó tó ṣí ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo kíláàsì ìmúrasílẹ̀ àwọn olùkọ́ wa ní àárọ̀ Sátidé. Ìwé ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà wá, ìbéèrè wà nínú rẹ̀, àlàfo sì wà lábẹ́ ìbéèrè. Alága á pe ìdáhùn, àwọn olùkọ́ á kọ ọ́ sínú àlàfo, ó parí. Kò sí ẹni tó ń ṣí Bíbélì. Mo béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ìdáhùn ìbéèrè kẹta fi rí bẹ́ẹ̀. Alága ní kí n ṣáà kọ “Obedience”, pé òun ní turno. “Obedience” náà ni gbogbo wọn kọ. Adìẹ tó ń ṣa àgbàdo mọ ohun tó ń ṣà jù wọ́n lọ.

Èyí tí mo gàn jù nínú wọn ni Sístà Fẹ́hìntọlá. Badante ni, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Signora Ines ló ń tọ́jú, ilé ìyá náà ló sì ń gbé. Sístà yìí kò ka ìwé mẹ́fà tán. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá ń gé èékánná ìyá náà tàbí tó ń fún un lọ́bẹ̀ mu, ìgbà yẹn ló máa ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wá kọ́ni ní Sọ́ńdè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bi Bọ́sẹ̀ léèrè pé irú ìmúrasílẹ̀ wo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, níbi tí Tèmi wà. Olùkọ́ wọn ti kó lọ sí Germany. Pásítọ̀ agbègbè ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kíláàsì ọ̀dọ́ ní ìjọ rẹ̀ wá sí Padova, kó wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Rúùtù níṣojú òun. Èmi àti Sístà Fẹ́hìntọlá la fi orúkọ sílẹ̀ láti Brescia. Mo fẹ́ kíláàsì yẹn, Bàbá. Tèmi ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé tí òun bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun ò ní wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọdún mẹ́ta péré ló kù fún mi láti yí i lọ́kàn padà, mi ò sì mọ ibòmíràn tó ti máa jókòó gbọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi múra. Mo ka ìwé Rúùtù nígbà méje, mo tún padà kà á nígbà méje. Ní pausa, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń mu kọfí, mo wà lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú Bíbélì àti bírò. Mo mọ ìran Bóásì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ ìwọ̀n ọkà bálì tí Rúùtù gbé lọ sílé. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni mo kọ, Yorùbá ìjìnlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí inú yín máa ń dùn sí.

Capannone kan, irú ilé gbàgede tí wọ́n ń kó ẹrù sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà ni wọ́n háyà ní Padova. Ẹni tó ti Torino wá ló kọ́kọ́ dìde. Inú fóònù ló ti ń ka ìwàásù ẹlòmíràn tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á títí ó fi ka ibi tí oníwàásù ti ní kí àwọn èèyàn má gbàgbé láti tẹ àwòrán agogo tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Èyí tó ti Pordenone wá ní tirẹ̀, ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu rẹ̀, á pariwo Halelúyà. Mo káwọ́ gbera, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó ti kan.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín, kò sí èyí tó fọwọ́ kan fóònù. Iwájú ni Tèmi jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé itan. Pásítọ̀ ń mi orí. Nígbà tí mo jókòó, mo ti gba kíláàsì náà lọ́kàn ara mi.

Sístà Fẹ́hìntọlá dìde pẹ̀lú Bíbélì nìkan. Èdè Italy ló ń sọ, ó sì ń ṣì í sọ. Ó ní obìnrin kan fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, ó sì ń ṣa ohun tí àwọn onílùú bá ṣẹ́ kù sínú oko. Ó bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí wọ́n mọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní ìyá òun. Òmíràn náà ní ìyá òun. Tèmi wá nawọ́ sókè, ó ní: “Ma Rut ce l'aveva, il permesso di soggiorno?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Rúùtù ní ìwé ìgbélùú. Sístà ní kò ní. Ó ní ẹnubodè ni ọ́fíìsì wọn nígbà náà, Bóásì ló sì lọ gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn àgbà. Tèmi béèrè ẹ̀kejì, ó béèrè ẹ̀kẹta. Bàbá, ọmọ tí mo bí, mi ò gbọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo nípa Bíbélì lẹ́nu rẹ̀ rí.

Sístà ni wọ́n fún ní kíláàsì náà. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ìjọ tó bá fi púrúǹtù ṣe olùkọ́, ìyà ló fẹ́ jẹ. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Fúnmi gbọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Mo ti lọ bẹ Sístà. Alága oní-“Obedience” ní tirẹ̀, mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo lọ bẹ Sístà, mo mú ojú ìwé mẹ́rìnlélógún mi dání, torí mo ṣì fẹ́ kó rí ohun tí ìmúrasílẹ̀ ń jẹ́. Ó ní kí n kà á fún Signora Ines. Mo ń yí i sí èdè Italy bí mo ṣe ń kà á lọ, nídìí tábìlì ilé ìdáná. Ìyá náà fetí sílẹ̀ dé òpin, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní: “Figlio mio, non ho capito niente.” Wọ́n ní ọmọ àwọn, nǹkan kan kò yé àwọn. Sístà ń fọ abọ́, kò yíjú wò mí.

Nígbà tí mo délé, mo bi Tèmi bóyá ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Padova yé e. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn: “Dádì, ẹ má bínú. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.”

Bàbá, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń kà sí òye láti ọdún wọ̀nyí wá, ọ̀wọ̀ ni. Ó dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí mi nílùú yìí lọ. Mo ti tọrọ àyè láti máa jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì Sístà ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Sístà ní kí n béèrè lọ́wọ́ Tèmi. Tèmi ní mo lè wá, bí mo bá ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo ti ṣèlérí.

Kí Ọlọ́run fún eékún yín lókun, kó jẹ́ kí Màmá jẹun ọmọ pẹ́. Kó má jẹ́ kí a wá ẹ̀yin méjèèjì tì. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí kíláàsì yín, ẹ sì bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Fúnmi lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má rò pé mo ń bínú. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀, Tèmi náà kúnlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́,
Adéọlá