Pákó tí Len Kò Mọ̀

Bermondsey,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó jókòó ti ìwé yìí. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rìn dé ìdí igi ọsàn láìlo ọ̀pá? Mo gbà á ládùúrà pé bí lẹ́tà yìí ṣe ń dé ọwọ́ yín, kí ó bá yín lórí ìjókòó, kí ó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa náà wà dáadáa. Mo ti pa Gẹ̀ẹ́sì tì bí ẹ ṣe wí. Ibi tí ọwọ́ mi bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe kí ẹ tó kà á sí àwọn ará ilé létí.

Ìròyìn tó gbé mi dé ìdí ìwé ni pé mo ti gba báàjì takisí. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo fi gun alùpùpù kọ́ ọ̀nà nínú òjò àti òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ wa bọ́lẹ̀kájà láti Ìpetu dé Ìbàdàn fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó yé yín. Níbí, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn wa takisí dúdú àfi bí gbogbo títì ìlú bá wà ní àgbárí rẹ̀, láìwo máàpù, láìwo fóònù. Olùdánwò á wọ súùtù, ìwọ náà á wọ súùtù, á ní kí o gbé òun láti ibí dé ọ̀hún. Ìwọ á wá máa fi ẹnu pe títì lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó, bí ẹni ń ki oríkì. Ó sì lè bi ọ́ ní kọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí wọ́n bí sí ìlú náà gan-an kò rí rí.

Ẹni tí a jọ ń pe ọ̀nà ni Len Pruett. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún méjìlélógún ló fi ru àpótí ẹja lọ́jà kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní ó tó. Lọ́sàn-án, a máa ń jókòó ní ilé ìdáná rẹ̀, máàpù ńlá á wà lára ògiri, a ó na òwú láti ibi tí à ń bọ̀ dé ibi tí à ń lọ. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìnnà sí òwú, yẹ̀yẹ́ di tirẹ̀. "Rera, ṣé o fẹ́ kọ́kọ́ yà kí àwọn àna rẹ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni Len máa ń wí.

Òfin kan wà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ takisí, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan: ohun tí o bá rí lójú ọ̀nà, gbé e wá sórí tábìlì. Ìlú yìí tóbi ju ojú méjì lọ. Len kì í ṣahun. Òun ló fi ère eku méjì tó ń jẹ wàràkàṣì hàn mí, tí wọn kò ju ìka ẹsẹ̀ lọ, lára ògiri ilé kan ní Philpot Lane. Òun ló mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wó, tí igi ti hù láàárín ògiri rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo mú wá?" Bí mo bá ní kò sí, á ní, "Ṣé ò ń gun alùpùpù ni, àbí ò ń sùn lórí ẹ̀?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, òjò lé mi sábẹ́ igi ní Piccadilly. Ibẹ̀ ni mo ti rí pákó nínípọn kan tí wọ́n gbé lé irin, tó ga dé èjìká. Ìjókòó kọ́, àfi tí ènìyàn bá lè fò. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé wọ́n gbé e síbẹ̀ fún àwọn alábàárù ayé àtijọ́, kí wọ́n lè sọ ẹrù láìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Èrò ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wìtìwìtì, kò sí ẹni tó wò ó. Mo rántí ìyá yín tó ń ru kòkó láti oko, tí ẹ ní kò sí ohun tó dùn bíi kí ènìyàn rí ẹni tí yóò bá òun sọ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo kọ ọjọ́ sí i lórí. N kò gbé e dé orí tábìlì. Mo ní tèmi lèyí. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá gba báàjì ni màá fi han Len, kí èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́: alábàárù tí kò mọ pákó alábàárù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Len lọ fún ìdánwò. Ó ti gba èsì burúkú méjì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta á dá a padà sí ìpele tó ti là kọjá. Nígbà tó dé, a pàdé níbi tí a ti máa ń mu tíì, ahéré onígi aláwọ̀ ewé kan nítòsí odò Thames. Àwọn oníbáàjì nìkan ló ń jókòó nínú rẹ̀. Àwa yòókù, ojú fèrèsé ni Doreen tó ń ta tíì níbẹ̀ ti ń nà án sí wa, tí á máa pariwo pé, "Aláìníbáàjì, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!" Lọ́jọ́ yẹn Len kò fọwọ́ kan tíì rẹ̀.

Ó ní, "Rera, ibi tí àwọn alábàárù ń sọ ẹrù sí ní Piccadilly ni olùdánwò ní kí n ti gbé òun. Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi! Ó bi mí ní òmíràn o, kò bínú, ṣùgbọ́n orí mi ti dàrú. Mo yà sọ́tùn-ún níbi tí kò sí ọ̀tún. Wọ́n ti dá mi padà. Bóyá kí n kúkú lọ máa wa ọkọ̀ búrẹ́dì."

Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé náà, mo tì í sí iwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta," ó ní. "O ti ń dá jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà yẹn."

Doreen yọ orí lójú fèrèsé. "Len, nà án!"

"Mi ò lè nà án," ni Len wí, "ẹ̀yìn ń dùn mí."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín, kò sì rín in pẹ́. Ó gbé àṣíborí rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo pè, kò gbé e. Mo lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó sùn, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹwàá òun fúnra rẹ̀ pè mí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ: "Mú mi lọ."

Mo mú un lọ sí Piccadilly. Ó yí ẹ̀yìn sí pákó náà, ó rọra fà sẹ́yìn títí àpò ẹ̀yìn rẹ̀ fi bà lé e, kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó yọ apá kan, ó yọ èkejì, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí ti ru ẹrù rí." Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Ó yá, pe ọ̀nà. Láti ibí dé ọ̀dọ̀ Doreen. Bí o bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, ìwọ lo máa ru àpò mi lọ sílé."

Mo ṣì í, Bàbá. Mo ru àpò náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí mo bá rí, kí n tó pa iná alùpùpù ni mo ti ń pe Len. Oṣù tó kọjá ló kàn mí láti jókòó síwájú olùdánwò fún ìgbà ìkẹyìn. Ibi tó ní kí n ti gbé òun ni àwọn eku méjì ní Philpot Lane. Eku Len! Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín sí i lójú. Mo pe ọ̀nà náà láìdánudúró. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní ọ̀kan lára wọn.

Àṣà wa ni pé oníbáàjì tuntun kì í gba owó lọ́wọ́ èrò àkọ́kọ́. Len ti ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, àpò rẹ̀ wà lórí pákó, ó na ọwọ́ sókè bí olówó. Mo ní, "Ibo là ń lọ, sà?" Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Doreen. Má la ẹnu ẹ, èmi ni n óò pè é." Bó ṣe ń pè é láti ẹ̀yìn mi nìyẹn: kúrò ní Piccadilly lápá òsì, yí Hyde Park Corner ká, gba Constitution Hill, gba The Mall, títí a fi rí odò. Kò fo ọ̀kankan.

Doreen ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó ní kí oníbáàjì wọlé. Mo ní rárá, ojú fèrèsé ni n óò ti mu tèmi títí Len yóò fi wọlé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ni, ìwọ lo ni ín." Ọjọ́bọ̀ yìí ni Len yóò ṣe ìdánwò àṣekẹ́yìn. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo ti gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀nà.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí ẹ pẹ́ títí, kí n fi takisí gbé yín ká ìlú yìí kí orúnkún yín má ṣe ìyọnu kankan. Kí ojú yín má rí ìbàjẹ́ lára wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín tí kò ní fi ọ̀nà pamọ́ mọ́,
Fadérera.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó tún un tú. Len yege láàárọ̀ òní! A ti wọlé. Ó há, ìjókòó rẹ̀ le, ó ń rùn sọ́séèjì, tíì ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ojú fèrèsé. Len mu ife mẹ́ta. Ó ní kí n kí yín, ó sì ní kí n bi yín léèrè: láàárín oko yín àti Ìpetu, níbo ni àwọn tó ń ru kòkó máa ń sọ ẹrù sí? Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá sórí tábìlì.