Ètò Ìṣúná Tí Wọ́n Rán Lódì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì, pàápàá èyí kékeré tó ń tètè bínú bíi tèmi. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láàyè àti ní ìlera, kí ẹ̀fọ́rí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti wábi gbà. Ara tèmi le koko. Orúnkún nìkan ló ń ráhùn, kí wọ́n tó bí ọ ló sì ti ń ráhùn, mi ò dá a lóhùn.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lópin oṣù, torí pé ilé ìtẹ̀wé wa fẹ́ kógbá sílé. O ní o ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè mí. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún nígbà tí mo kà á, ẹkún ayọ̀ sì kọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé níbẹ̀. Kí ni irú mi fẹ́ máa ṣe lórí ibùsùn láago mẹ́sàn-án àárọ̀?

O mọ̀ pé àwa la máa ń tẹ ìwé ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ yìí lọ́dọọdún, iṣẹ́ yẹn ló sì ń gbé àwa mẹ́rìnlá ró. Lọ́dún yìí, ìjọba gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìpínlẹ̀ kejì, lẹ́yìn odò, wọ́n ní owó tiwọn kéré sí tiwa. Ìwé tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé ká máa ra ọjà tiwa! Ọ̀gá wa ka lẹ́tà wọn sí wa létí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní owó oṣù yìí ni ìkẹyìn. Kódà ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun náà pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó.

Ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ń ka ìwé náà níwájú àwọn aṣòfin, a tan rédíò sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ń kà á lọ geere. Ó ní, "Fún ìtọ́jú àwọn aláboyún ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba," ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó ní, "kátápílà mẹ́ta àti ogún ọkọ̀ ọ̀dà." Ni aṣòfin kan bá bú sẹ́rìn-ín, bí Ilé Aṣòfin ṣe dàrú nìyẹn. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdì ojú ewé mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún la máa ń tò tẹ̀lé ara wọn ká tó rán ìwé. Ẹni tó rán èyí ti kánjú ki ìdì kan bọ àárín òmíràn. Ó tì o, irọ́ ni mo pa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Kò pé wákàtí kan tí akọ̀wé Ilé Aṣòfin fi wọlé tọ̀ wá wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òfin kò gbà kí wọ́n jíròrò lórí ìwé tó dàrú, ọjọ́ méjì péré ló sì kù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa tún un rán." Mo kó abẹ́rẹ́, òwú, ọ̀bẹ àti ìda mi sínú báàgì, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n ti to ọgbọ̀n ìwé sórí tábìlì gígùn kan, àwọn aṣòfin dúró yí mi ká bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun.

Mi ò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ níkùn mi. Mo bi Kọmíṣọ́nnà pé kí ló dé tí wọ́n gbé iṣẹ́ wa kọjá odò. Ọkùnrin náà ò gbéra ga. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, owó tiwọn ló kéré." Mo ní ó kéré lóòótọ́, torí ìjọba tiwọn kì í gba owó orí kankan lórí bébà. Tiwa ń gbà á nígbà tí bébà bá wọlé, ó tún ń gbà á nígbà tá a bá tẹ nǹkan sí i. Mo ní, "Ẹ dè wá lẹ́sẹ̀, ẹ ní ká bá ẹni tí wọn ò dè sáré. Ó fi wá sílẹ̀ tán, ẹ wá ní a ò mọ eré sá." Kọmíṣọ́nnà ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n owó orí yẹn ni wọ́n fi ń ra àga àti tábìlì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Tí òun bá gé e, níbo lòun ó ti rí òmíràn? Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Ìwé àkọ́kọ́ ni mò ń tú tí mo fi rí i. Ìdì kejì ni wọ́n ki bọ àárín ìdì kẹfà, torí náà ojú ewé kejìdínláàádọ́rùn-ún wà lápá òsì, ojú ewé kẹtàdínlógún sì wà lápá ọ̀tún, wọ́n dojú kọra. Ti apá òsì: àtúnṣe òrùlé ilé ìkówèésí ìjọba. Ti apá ọ̀tún: àtúnṣe òrùlé ilé ìkówèésí ìjọba. Iye kan náà gẹ́lẹ́! Mo nu awò mi, mo tún un wò. Ilé kan ṣoṣo, òrùlé méjì! Mo ké sí Kọmíṣọ́nnà. Ó wò ó, ó pe àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn náà wò ó. Àṣé iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ tirẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé ìjọba náà kọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè. Ká ní wọ́n rán ìwé yẹn bó ṣe yẹ ni, àádọ́rin ojú ewé ni ì bá wà láàárín wọn, ta ni ì bá rí i? Owó òrùlé kejì yẹn sì lé ní ìdajì ohun tí owó orí bébà ń mú wọlé lọ́dún. Kọmíṣọ́nnà wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ti rí i fún mi."

Èmi àti àwọn mẹ́ta tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ rán ọgbọ̀n ìwé náà tán lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn aṣòfin dìbò, wọ́n gé owó orí bébà sí ìdajì. Wọn ò pa á rẹ́ o, ìjọba ni ìjọba ń jẹ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó tó, a ò kógbá sílé mọ́. Ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ ti padà sẹ́nu ariwo rẹ̀. Kódà, ilé ẹ̀kọ́ kan láti ẹ̀yìn odò ti gbé iṣẹ́ ìwé wọn wá fún wa, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ irú ìwé tí wọ́n ń rán lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kan péré ni mò ń bọ̀ wá lò lọ́dọ̀ yín, lẹ́yìn náà mo ń padà síbi iṣẹ́ mi. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ohun kan ló ń tì mí lójú, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Fún ọgbọ̀n ọdún ni owó ìlú yìí ń gba ọwọ́ mi kọjá, ojú rírán nìkan ni mò ń wò, mi ò ka ìlà kan rí. Mo ti tọrọ ẹ̀dà kan wá sílé báyìí. Mò ń kà á láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ dù ọ́. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe rọ, kí àwọn ọmọ rẹ ṣe ju èmi àti ìwọ lọ. Láṣẹ Èdùmàrè.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì ráyè sinmi.

Àfikún: Mo ti ka ìwé náà dé ojú ewé kọkàndínlógójì. Títì iwájú ilé wa wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ná owó àtúnṣe rẹ̀ tán lọ́dún tó kọjá. Mo yọjú lójú fèrèsé, kòtò wa ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ bá Kọmíṣọ́nnà. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí.